Wáìnì Tí Ó Hù Nínú Eérú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí àgbẹ̀ kan bá sọ fún yín pé iná ba oko òun jẹ́, eérú sì bò ó mọ́lẹ̀, síbẹ̀ pé inú eérú náà ni òun ti ń kórè, ṣé ẹ ó gbà á gbọ́? Mo fẹ́ kí ẹ gbà á, nítorí ó ṣẹlẹ̀ ní Lanzarote, erékùṣù àwọn ará Sípéènì tí kò jìnnà sí etí òkun Mòrókò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1730, ilẹ̀ ya lójijì nítòsí Timanfaya, iná sì sọ jáde. Andrés Lorenzo Curbelo, fadá ìlú Yaiza, kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan o! Ó di 1736 kí ó tó dáwọ́ dúró. Òkúta yíyọ́ bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ abúlé sì parẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí erékùṣù mìíràn.

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn tó kù ṣàkíyèsí pé irúgbìn ń ta dáadáa níbi tí eérú kò ti nípọn jù. Eérú dúdú náà a máa fa ìrì òru mu, kì í sì í jẹ́ kí oòrùn fa omi abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Ní La Geria, eérú nípọn gan-an, wọ́n bá gbẹ́ kòtò títí wọ́n fi kan ilẹ̀ àtijọ́. Wọ́n gbin àjàrà sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì to òkúta yí i ká bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí atẹ́gùn má baà dà á láàmú. Malvasía Volcánica, àjàrà ìbílẹ̀ wọn, ló gbajúmọ̀ jù. Ní 1775 ni ilé ìpọntí El Grifo bẹ̀rẹ̀. Ó ń pọn wáìnì títí dòní.

Katakata kò lè wọ inú kòtò wọ̀nyí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ro ó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ ń ṣe é láì lo fatiláísà tàbí oògùn apakòkòrò ti kẹ́míkà. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ kì í fi í wálẹ̀, èmi kò sì bá wọn jà. Bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bá kọ ọkọ́ sílẹ̀, atẹ́gùn yóò da eérú padà sínú kòtò, ohun tí iná kò lè parun yóò sì parun wẹ́rẹ́.