Ọkọ̀ Àwòṣe Alákòópọ̀: Òtítọ́ Ni Tàbí Ayédèrú?

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tí ń to ọkọ̀ àwòṣe, èyí nì àwọn ọkọ̀ ike kékeré tí a ń rà ní ẹ̀yà ẹ̀yà nínú páálí, tí a sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ di odidi. Apá kan ní ọkọ̀ tí a bá tò láti inú páálí kan ṣoṣo, bí ìwé inú rẹ̀ ti là á sílẹ̀, òun nìkan ni ọkọ̀ òtítọ́. Ẹni tí ó bá mú ẹ́ńjìnnì nínú páálí kan, tí ó mú táyà nínú òmíràn, ayédèrú ni ó ń ṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti ọkọ̀ ìsáré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní dragster, àkópọ̀ ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ, ìtàn ni yóò sì ṣe ẹlẹ́rìí mi.

Eré náà kò le láti yé ni. Ọkọ̀ méjì yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà títọ́, wọn yóò sì sáré ìdámẹ́rin máìlì, èyí tí í ṣe 1,320 ẹsẹ̀ bàtà. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé òpin ni ó borí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó gbilẹ̀ ní gúúsù California, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sáré lórí adágún gbígbẹ. Pápá eré Santa Ana ṣí ní 1950, ní pápákọ̀ òfurufú. Ní ọdún kejì Wally Parks dá National Hot Rod Association sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fi ń kan ọkọ̀ wọn. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, nítorí náà òkú ọkọ̀ ni wọ́n ń tú. Don Garlits, ará Florida, ṣáásí Chevrolet àtijọ́ ni ó fi kan Swamp Rat àkọ́kọ́, ó sì gbé ẹ́ńjìnnì Chrysler lé e. Ẹ̀rọ tí ń ti atẹ́gùn sínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 6-71, ara ẹ́ńjìnnì dísù ti General Motors ni wọ́n ti ń yọ ọ́, èyí tí a ṣe fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù: 6 ni iye sílíńdà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọlọ́lá, afátẹ́gùn bọ́ọ̀sì, ṣáásí ọkọ̀ tí ayé ti gbàgbé! Ta ni yóò pe ìyẹn ní ayédèrú? Ní 1964 Garlits ti ń sá ju 200 máìlì lọ ní wákàtí kan nínú ọkọ̀ àfọwọ́kàn.

Àwọn tí ń ṣe páálí pàápàá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àkópọ̀. AMT ti Michigan, tí ó ti ń ṣe ọkọ̀ kékeré fún àwọn oníṣòwò ọkọ̀ láti 1948, gbé páálí kan jáde ní 1958 tí a lè tò lọ́nà mẹ́ta: bí ó ti ti ilé iṣẹ́ wá, bí ọkọ̀ oge, tàbí bí ọkọ̀ ìsáré. Bí ọmọ bá yan ọ̀kan, ẹ̀yà méjì yòókù a ṣẹ́kù. Inú agolo ni wọ́n ń lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ sára ọkọ̀ mìíràn. Revell tilẹ̀ wá ń ta ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀.

N kò sọ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Ìdá kan nínú 25 ni ìwọ̀n AMT, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Monogram ti Chicago jẹ́ ìdá kan nínú 24. Ohun tí ó gùn ní 150 ínṣì yóò di ínṣì 6 níhìn-ín, yóò di 6¼ lọ́hùn-ún. A lè forí ji táyà, nítorí táyà gidi kì í ṣe ìwọ̀n kan. Ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó kò gba irú àforíjì bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù náà ní ìwà tirẹ̀: yíyọ́ ni ó ń yọ́ ike tí ó fi ń lẹ̀, nítorí náà ẹ̀yà tí a fi fàdákà dídán bò kò ní lẹ̀ dáadáa àfi bí a bá há ojú ibẹ̀ kúrò.

Àmọ́ ọdún ni irọ́ ń gbà wọlé jù. Ẹ́ńjìnnì Chrysler tí wọ́n ń pè ní 392, ní 1957 àti 1958 ni. 426 Hemi kò dé títí di 1964. Ẹni tí ó bá fi 426 sínú ọkọ̀ 1959, bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ ti inú páálí kan náà wá, irọ́ ni ó tò. Ìjókòó náà ń sọ̀rọ̀. Láyé ìjọ́sí, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni awakọ̀ ń jókòó, gíà a sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1970, ní pápá Lions ní California, gíà ọkọ̀ Garlits bú gbàmù, ó sì gé apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ní 1971 ó padà pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi tẹ̀lé e.

Ìdí tí mo fi ta kú sórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọkọ̀ gidi náà kì í pẹ́ láyé. Bí a ti tú òkú ọkọ̀ láti kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni a tú àwọn náà láti kan òmíràn, fọ́tò nìkan ni ó sì kù nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò ṣe páálí fún olúkúlùkù wọn. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣa ẹ̀yà jọ, tí yóò fi wọ́n wé fọ́tò, ìrísí ọkọ̀ náà ti lọ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ ẹni tí ń tò ó: kí ó kọ ọ́ sórí ìwé kékeré sábẹ́ ọkọ̀ náà pé, ẹ́ńjìnnì, páálí Revell, ṣáásí, páálí AMT, ìjókòó, ọwọ́ mi ni mo fi gé e, táǹkì epo, n kò rí fọ́tò rẹ̀, ojú ni mo fi dá a.