Nígbà tí Yunifásítì Méjì Wà ní Ìbàdàn

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò gbọ́ ọ rí pé Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1962 títí di oṣù kìíní ọdún 1967, yunifásítì méjì ni ó wà ní ìlú kan náà, ọmọ tí ó bá sì yege ní láti pinnu ilẹ̀kùn èyí tí òun yóò kàn.

Èyí ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń fojú di. Ní 1948 ni a dá a sílẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbà kí ó tó dá dúró ní 1962.

Iyàn ni ó bí àbúrò. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí a yàn ní 1959, kò dámọ̀ràn òmíràn fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀mọ̀wé Sanya Onabamiro, ọ̀kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀ náà, kò fara mọ́ ọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ni a fi bẹ̀rẹ̀, nínú ọgbà tí Nigerian College of Arts, Science and Technology ti ń lò. (Orúkọ Ifẹ̀, ilé Ìbàdàn: ta ni kò ní béèrè?)

Bí òbí bá fẹ́ orúkọ tí ó ti dàgbà, kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fẹ́ di lọ́yà ńkọ́? Ìbàdàn kò kọ́ni ní òfin nígbà náà. Ifẹ̀ ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé, òkun ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń là kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹbí a sì máa ta ilẹ̀, ẹgbẹ́ ìlú a máa dáwó. Ẹni tí ó fẹ́ di dókítà, ní tirẹ̀, kò ní ohun tí yóò wá dé Ifẹ̀: Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà, pẹ̀lú ilé-ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní 1957. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó le jù láti yàn, nítorí àwọn méjèèjì ni ó ń kọ́ni. Níbẹ̀ ni orúkọ nìkan ti lè borí.

Lójú tèmi, Onabamiro jàre. Bí kò bá sí àtakò rẹ̀, Èkó tàbí Nsukka ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn ì bá máa wá òfin lọ.

Ní 1967 ni Ifẹ̀ kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì di Obafemi Awolowo University ní 1987. Ó ti ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ tipẹ́. Ìbàdàn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní òfin àfi lẹ́yìn 1980.