Ilé Là Ń Wò: Ìtàn Tọkọtaya Méjì Tí Ó Ń Wá Ilé Rà

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Lóòótọ́, ìdílé ni òwe náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ilé tí à ń fi ojú rí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ilé tí ọkọ àti aya jọ lọ wò, tí wọ́n ka iye yàrá rẹ̀, tí wọ́n sì bi ara wọn léèrè pé, "Ṣé ibí yìí yóò gba àwọn ọmọ wa?"

Ẹni tí ó bá ti wá ilé rà rí mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Ọkọ yóò wo ìpìlẹ̀ àti òrùlé. Aya yóò wo ilé ìdáná àti ibi tí omi wà. Àwọn méjèèjì yóò wá ka owó ọwọ́ wọn. Bí owó bá pé, tí onílé sì gbà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tí owó lè pé, tí onílé lè gbà, tí ọ̀rọ̀ kò sì ní parí. Ìtàn bí ó ti rí bẹ́ẹ̀ ni mo mú wá fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1865 ni a fi òpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1866, àwọn aṣòfin ilẹ̀ náà tún ṣe òfin kan. Òfin yìí sọ pé gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà ni ó ní ẹ̀tọ́ kan náà tí aláwọ̀ funfun ní, láti ra ilẹ̀ àti ilé, láti tà á, láti háyà rẹ̀, àti láti jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n àdá tí a fi sí àjà tí a kò lò, dídógùn-ún ni yóò dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún òfin ọdún 1866.

Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú fi oko òwú ìhà gúúsù sílẹ̀, wọ́n wá iṣẹ́ lọ sí àwọn ìlú ńlá bíi Chicago, Detroit àti St. Louis. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun kan ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi há wọn mọ́ apá kan ìlú. Ní ọdún 1916, àwọn olùdìbò St. Louis fọwọ́ sí òfin tí ó ya àdúgbò dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àdúgbò funfun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1917, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá irú òfin bẹ́ẹ̀, tí ìlú Louisville ṣe, nù. Ó ní kò bá ìwé òfin ilẹ̀ mu. Òfin ti St. Louis náà kò sì lè dúró mọ́.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ní bí ìjọba ìlú kò bá lè ṣe òfin, àwọn onílé lè bá ara wọn ṣe àdéhùn. Irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti wà ní òpópó Labadie ní St. Louis tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1911, onílé 30 nínú 39 ní apá kan òpópó náà ti fọwọ́ sí i pé, fún àádọ́ta ọdún gbáko, ènìyàn dúdú àti àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà kò gbọdọ̀ gbé nínú ilé wọn. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé náà, àwọn ènìyàn dúdú ti ní ilé lójú ọ̀nà kan náà. Láti ọdún 1882 ni ìdílé dúdú ti ń gbé nínú ọ̀kan nínú wọn.

Ó wá kan tọkọtaya wa àkọ́kọ́. Orúkọ ọkọ ni J. D. Shelley, orúkọ aya ni Ethel. Mississippi ni wọ́n ti wá sí St. Louis, wọ́n sì ní ọmọ mẹ́fà. Àdúgbò tí a fi sílẹ̀ fún ènìyàn dúdú ti kún àkúnya, ilé kò sì tó. Olùṣọ́-àgùntàn wọn, tí ó tún ń ṣe alágbàtà ilé, ni ó bá wọn wá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì kan, ojúlé 4600 ní òpópó Labadie. Ilé náà wù wọ́n. Wọ́n san owó, wọ́n sì gba ìwé ilé ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1945. Wọn kò mọ̀ pé ìwé kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ wọn.

Oṣù méjì kò ì tí ì pé tí ìwé ìpẹ̀jọ́ fi dé. Louis Kraemer àti aya rẹ̀ Fern, tí wọ́n ní ilé tí àdéhùn náà kàn, ni ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ ò rí i pé tọkọtaya ni ó pe tọkọtaya lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí ilé-ẹjọ́ má jẹ́ kí àwọn Shelley gbé inú ilé náà, kí a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá àwọn Shelley láre, nítorí pé kì í ṣe gbogbo onílé ni ó fọwọ́ sí ìwé náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1946, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Missouri yí ìdájọ́ náà padà. Ní gbogbo àkókò yìí, inú ilé náà ni ìdílé Shelley ń gbé. Ẹ rò ó wò: kí ènìyàn máa tẹ́ ibùsùn fún ọmọ mẹ́fà ní alẹ́, kí ó má sì mọ̀ bóyá ìdájọ́ yóò lé wọn síta.

Agbẹjọ́rò wọn, George Vaughn, tí òun náà jẹ́ ènìyàn dúdú, kò jáwọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, pẹ̀lú irú rẹ̀ tí ó ti Detroit wá. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1948 ni ìdájọ́ jáde. Adájọ́ mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀. Mẹ́ta kò dá sí ẹjọ́ náà, àwọn mẹ́fà yòókù sì fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn Shelley jàre.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí. Adájọ́ kò sọ pé ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀ rú òfin. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà wa ṣe àpẹẹrẹ. Bí àwọn oníyọ̀ bá bá ara wọn mulẹ̀ pé wọn kò ní ta iyọ̀ fún ẹnìkan, ọ̀rọ̀ àárín wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá yí ọkàn padà tí ó sì ta iyọ̀ fún ẹni náà, ṣé ó tọ́ kí ọba rán ẹmẹsẹ̀ láti lọ gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi owó rẹ̀ rà á? Bí ọba bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti àwọn oníyọ̀ nìkan, ọba ti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wí nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ jẹ́ ọwọ́ ìjọba. Láti ọdún 1868 ni ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti ka á léèwọ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀ láti fi ààbò òfin du ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ihò kan ṣì kù lára ògiri. Bí onílé bá fẹ́ tà, kò sí ẹni tí ó lè fi ilé-ẹjọ́ dí i lọ́wọ́ mọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sọ pé, "Èmi kò ní tà fún dúdú," ta ni yóò mú un?

Tọkọtaya wa kejì ni ó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní ọdún 1965, Joseph Lee Jones àti aya rẹ̀ Barbara Jo fẹ́ ra ilé ní Paddock Woods, àdúgbò tuntun kan ní ẹ̀yìn ìlú St. Louis. Àwọn tí ń kọ́ ilé tà níbẹ̀ kọ̀ fún wọn, nítorí pé ọkọ jẹ́ ènìyàn dúdú. Tọkọtaya náà gba ilé-ẹjọ́ lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Òfin wo ni wọ́n gbé lọ́wọ́? Òfin ọdún 1866 náà ni! Wọ́n gbé àdá sọ̀ kalẹ̀ láti àjà, wọ́n sì pọ́n ọn.

Ilé-ẹjọ́ méjì kọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1968, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá wọn láre. Wọ́n ní òfin náà de ìjọba, ó sì de ẹnikẹ́ni tí ń ta ilé. Wọ́n ní bí àwọ̀ ara bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti fi owó rẹ̀ ra ilé, àpá oko ẹrú ni, àwọn aṣòfin sì ní agbára láti pa àpá náà rẹ́. Oṣù méjì ṣáájú ìdájọ́ yìí, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a pa Martin Luther King, ni Ààrẹ Johnson ti fọwọ́ sí òfin tuntun lórí títa àti híháyà ilé láìwo àwọ̀.

Ẹ̀yin ará, láti ọdún 1866 dé ọdún 1968, ọdún 102 ni. Láàárín àkókò yẹn, mélòó ni ìdílé tí ó wo ilé, tí ilé wù wọ́n, tí wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo? Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó ra ilé, kí ni yóò fi sílẹ̀ fún ọmọ? Ìdájọ́ ọjọ́ kan kò lè dá irú ogún bẹ́ẹ̀ padà.

Ilé ojúlé 4600 ṣì dúró títí di ọdún 1990, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ilé kan náà tí a fẹ́ lé wọn kúrò nínú rẹ̀ ni ó sọ wọ́n di ẹni ìrántí, nítorí orúkọ Shelley ni gbogbo amòfin fi ń pe ẹjọ́ náà títí di òní. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé òfin rere wà nínú ìwé, ẹ má ṣe lọ sùn. Ẹ béèrè bóyá ẹnìkan ti mú un lọ́wọ́.