Ààfin àwọn ọba Àgbómẹ̀: ilé amọ̀ tí ìtàn tiwa náà wà nínú rẹ̀

Ààfin Àgbómẹ̀ ni ọgbà ńlá tí àwọn ọba Dàhómì ń gbé, ní ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Abomey. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Bantè, tó gba Savalou àti Dassa kọjá dé Bohicon, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ nìyẹn. Ọba 12 ló jẹ níbẹ̀ láàárín ọdún 1625 sí 1900. Ní 1985, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé, «Ilé àwọn Fọ̀n ni, kí ló kàn wá níbẹ̀?» Ó kàn wá dáadáa.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Wọ́n ní olóyè kan wà tó ń jẹ́ Dan. Ilẹ̀ tí àwọn àlejò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, ló bá bínú, ó ní ṣé inú ikùn òun ni wọ́n fẹ́ kọ́lé sí ni. Wọ́n pa á, wọ́n sì kọ́lé lé e lórí. Ibẹ̀ ni orúkọ Dàhómì ti wá: «nínú ikùn Dan», lédè Fọ̀n.

Láti ìgbà Houégbadja, ọba tuntun kì í gbé ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń kọ́ tirẹ̀ sí. Akaba nìkan ló ní ọgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ọgbà náà ṣe ń fẹ̀ nìyẹn, títí tó fi tó hẹ́kítà 47.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Amọ̀ pupa ni, bíi ti àwọn ilé àtijọ́ wa. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Tí ìpele kan bá gbẹ ni wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Koríko ni wọ́n fi bò ó, òrùlé náà sì wálẹ̀ gan-an kí òjò má bàa na ògiri.

Tí èèyàn bá wọlé, àgbàlá ìta ló máa kọ́kọ́ bá, kó tó kan àgbàlá inú. Ibẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní ajalala wà, tí ọba ti ń gba àlejò. Lára ògiri rẹ̀ ni wọ́n fi amọ̀ ya àwòrán sí, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀: ẹranko, ohun ìjà, ogun.

Ibi tó ti kàn wá

Àwọn kan nínú àwòrán yẹn, ogun tí Dàhómì bá àwọn Nàgó jà ni wọ́n ń fi hàn. Nàgó, àwa náà nìyẹn o. Ní 1886, ọmọ-ogun Glèlè fọ́ Kétou, wọ́n kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín wa ju ogun lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí Dàhómì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, kí Guézo tó já ara rẹ̀ gbà ní àwọn ọdún 1820. Fá tí àwọn ọba náà ń dá, Ifá tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá ni.

Iná, ìjì àti àtúnṣe

Ní oṣù kọkànlá 1892, nígbà tí ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ-ogun Faransé ń bọ̀, Béhanzin fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáná sun ààfin. Dodds kó ẹrù ọba lọ. 26 nínú rẹ̀, títí kan ìtẹ́ àti ilẹ̀kùn ààfin, padà dé Cotonou ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2021.

Ilé Guézo àti ti Glèlè di mùsíọ̀mù ní àwọn ọdún 1940. Ìjì líle bà á jẹ́ ní 1984, ni UNESCO bá kà á mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu, ó di 2007 kó tó yọ ọ́ kúrò. Iná tún jó òrùlé ilé mélòó kan ní oṣù kìn-ín-ní 2009. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tún un ṣe. Láàárín 1993 sí 1997, àwọn oníṣẹ́ wa ní Benin àti ilé-iṣẹ́ Getty ti Amẹ́ríkà tún àwòrán 50 ṣe, lára èyí tí wọ́n yọ kúrò lára ògiri ilé Glèlè.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Amọ̀ kọ́ ló ń pa ilé àtijọ́, omi ni. Tí òrùlé bá ti ń jò, tí omi sì ń jẹ ìdí ògiri, ilé ti ń lọ nìyẹn. Ẹni tó ní ilé bàbá-ńlá rẹ̀ ní Bantè tàbí Savalou, kó tó wó o láti fi bíríìkì símẹ́ǹtì rọ́pò rẹ̀, kó kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe, kó la ojú omi, kó fi amọ̀ rẹ́ ìdí ògiri. Tí ẹ bá sì mú àwọn ọmọ lọ sí Àgbómẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán Nàgó hàn yín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ìtàn wọn náà wà lára ògiri yẹn.