Èdè wo ni ká fi kọ́ ọmọ Mákòkó?
Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, fún ọdún 6 gbáko. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wá sí Mákòkó. Èdè Ègùn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń gbọ́ nílé. Bí Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ kò bá yé wọn, tó yí i sí Yorùbá, ọmọ tuntun á ṣì máa wo ẹnu rẹ̀ ni. Inú á bí olùkọ́, á pè é ní olódo.

Èdè ìyá ọmọ ni Ifẹ̀ ní ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní Mákòkó, Ègùn ni. Àwa Yorùbá ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.