Balùwẹ̀ àti Ibi Ìfọṣọ nínú Ìtàn Ilé Yorùbá

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ìyá wa yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí mo sì dá a lábàá pé kí a tún yàrá ìfọṣọ inú ilé ṣe kí ó lè di balùwẹ̀ kejì fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àṣà àjèjì ni, pé ibi tí a ti ń fọ aṣọ ẹlẹ́gbin kò yẹ ní ibi tí àgbà yóò ti máa wẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ni ó mú mi wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ìtàn. Ohun tí mo rí ni pé ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe orúkọ tí a fún yàrá ni ó ń sọ ọ́ di balùwẹ̀, bí kò ṣe ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé àti ọ̀nà tí ó ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo agbo ilé àtijọ́. Odò ni a ti ń fọ aṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń wẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ògiri amọ̀ kúkúrú ni a fi ń sé balùwẹ̀ mọ́, a ó sì to òkúta sí ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀ náà a máa ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí apá kan kí omi ọṣẹ lè ṣàn jáde. Ìdí nìyí tí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi máa ń ṣe dáadáa lẹ́yìn balùwẹ̀. Nígbà òjò, a ó gbé ìkòkò sí àgbàlá láti gbe omi òrùlé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé odò mọ́ a máa fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, kí omi méjèèjì lè gba ojú kan náà lọ.

Irú àkíyèsí báyìí kì í ṣe ti àná. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn bíi Frank Willett àti Peter Garlake wú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tò ní ìdúró. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ tí a tò báyìí kì í tètè di ẹrẹ̀ bí òjò bá rọ̀.

Bí a bá kúrò ní Ifẹ̀, Èkó ni a ó ti rí bí omi ṣe di ohun ọjà. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil, padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Kànga kan wà ní ilé rẹ̀ ní òpópónà Kákáwà, àwọn ará ìlú sì ń ra omi níbẹ̀, títí ilé náà fi gba orúkọ Ilé Olómi. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú tí wọ́n sì fẹ́ gba owó omi, inú bí àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Síbẹ̀, kí ọdún 1916 tó parí, omi ti ń ti Ìjù ṣàn wọ Èkó.

Ẹnu ẹ̀rọ òpópónà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pọn omi yìí, orí obìnrin àti ọmọdé ni ó sì ń gbé e délé. Nínú ilé àyágbé olójúkojú, balùwẹ̀ kan ni gbogbo ayálégbé ń lò. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ìgbà tí omi ẹ̀rọ wọ inú ilé àwọn tí ó rí jájẹ ni ìfọṣọ tó ní yàrá tirẹ̀. Nítorí náà, ìyàpá balùwẹ̀ àti ibi ìfọṣọ ni ó jẹ́ tuntun. Ìdàpọ̀ wọn ti pẹ́.

Àlàyé yìí ni mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì gbà. Bíríkìlà kò ṣe ju ohun tí àwọn baba wa ń ṣe lọ. Ihò omi ìdọ̀tí ti wà nílẹ̀. Ó fọ́ ilẹ̀ yàrá náà, ó tún un rẹ́ kí ó lè ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ojú ihò, ó sì fi táìlì tí kì í yọ̀ sí i. A gbé ojú iná ẹ̀rọ ìfọṣọ jìnnà sí ibi tí omi lè ta dé, a fẹ fèrèsé, a sì kan irin mọ́ ògiri fún ìyá wa láti dì mú. A rí i dájú pẹ̀lú pé kòtò tí omi náà ń lọ jìnnà sí kànga.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá bi yín léèrè nípa ilé kíkọ́ Yorùbá, ẹ má ṣe fi mọ sí orúkọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá. Ẹ bèèrè ibi tí omi ti wá, orí ta ni ó gbé e, àti ibi tí ó ń ṣàn lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi náà mọ̀ pé àwọn ọmọ tí ó ń pẹ́ dé kíláàsì nítorí omi pípọn kò tíì tán láàárín wa. Ní ti ìyá wa, wọ́n ń dá wẹ̀ báyìí láìké sí ẹnikẹ́ni.