Ahọ́n Aláró àti Ìmọ́lẹ̀ Morin

Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà ní ọjà Arzèkè ní Parakou, ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí a mọ̀ sí wagasi, pupa ni ara ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Èèpo ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Omi lásán kì í fa àwọ̀ náà jáde tó, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi kánún sí i. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílùú yìí, ìdí kánún yìí ni mo sì máa ń kọ́kọ́ là yé wọn ká tó ṣí ìwé.

Ìyá ìyá mi, tó ṣe aláró ní Ṣábẹ̀, kò ka ìwé kankan. Ṣùgbọ́n kí ó tó da ẹlú sínú ìkòkò, á fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò. Bí kò bá ta tó, á tún un sẹ́. Ó mọ̀ pé ẹlú tó ti kan dáadáa kì í dúdú nínú ìkòkò: aṣọ á jáde bí ewé tó ń pọ́n, atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di aró. Bí a ṣe lè fi ọwọ́ ṣe aró yìí ni Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́mísírì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ní Jámánì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá ní 1897, ìkòkò àwọn aláró bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ara igi kan tí àwọn aláró ń lò ni wọ́n sì ti kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè tú àṣírí irin tó fara pa mọ́ sínú omi. Ní 1867, Friedrich Goppelsröder, ará Basel, mú morin, ohun pupa rúsúrúsú inú igi fustic tí wọ́n ń gbé wá láti Amẹ́ríkà fún aṣọ rírẹ. Bí morin bá pàdé alumíníọ̀mù, á tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ìbátan ìrókò wa ni igi náà. Chlorophora ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe méjèèjì tẹ́lẹ̀. Inú mi máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá sọ èyí ní kíláàsì. Bí morin nìkan bá gba ìmọ́lẹ̀, ooru ló ń sọ ọ́ dà. Bí alumíníọ̀mù bá dì í mú, kò lè gbọ̀n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, agbára náà á sì padà jáde bí ìmọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kan náà ń ba àwọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn tí Fujishima àti Honda, àwọn onímọ̀ ní Japan, ti fi titanium dioxide àti ìmọ́lẹ̀ fọ́ omi sí wẹ́wẹ́ ní 1972, àwọn mìíràn fi í run aró inú omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ aṣọ.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn irin tó ń fara pa mọ́ sínú omi, ti òjé ló ń dùn mí jù. Ní Zamfara, ní Nàìjíríà, ní 2010, inú agboolé ni wọ́n ti ń lọ àpáta tó ní góòlù. Òjé tó wà nínú rẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé kò ta lẹ́nu, kò rùn, kò yí àwọ̀ omi padà. Ahọ́n ìyá àgbà mi kò ní mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ ti ṣe àwọn ohun tó ń tanná bí wọ́n bá kan òjé, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kò tíì kúrò ní ilé àyẹ̀wò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí irú wọn dé ọwọ́ ìyá ọmọ, kí ó lè fi yẹ omi kànga rẹ̀ wò fúnra rẹ̀.